Wọ́n Fi Mí Pààrọ̀ Ọmọ Gíga

Òórùn sípíríìtì tí àwọn onígbàjámọ̀ fi ń nu ọrùn èèyàn lẹ́yìn tí wọ́n bá gẹ irun tán, òun ló máa ń gbé ìgbà yẹn wá fún mi. Ibi yòówù kí n ti gbóòórùn rẹ̀ lónìí, kíá ni mo ti padà sí Ìgàndò, sínú ìsọ̀ kan tí kò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ, níbi tí àwọn ọkùnrin ti to ara wọn sórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ń tún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ṣe. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbá bọ́ọ̀lù náà rí. Onígbàjámọ̀ tó ni ìsọ̀ ló máa ń ṣe olórí ìpàdé. Ẹ̀rọ ìgẹrun á máa ké lọ́wọ́ rẹ̀, á sì máa fi í na afẹ́fẹ́ bíi tíṣà tó mú pàṣán. Mo mọ̀ ju ẹnì kan lọ tó gbé orí tí wọ́n gẹ dé ìlàjì jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá gbóná.

Bọ́ọ̀lù agbọ̀n là ń gbá, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní básíkẹ́tì. Àwa obìnrin ni. Iṣẹ́ wa ni, kì í ṣe eré ìdárayá ìrọ̀lẹ́. A wà nínú líìgì ńlá orílẹ̀-èdè, wọ́n ń san owó oṣù fún wa nígbà tí ó bá wù wọ́n, a sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní ìlú wọn. Pẹ̀lú gbogbo èrò tó kún Alímòṣọ́ bámúbámú, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí a ní nìyẹn, ó sì ń kú lọ lójú wa. Wọ́n nà wá nílé, wọ́n nà wá lóko. Ọjọ́ kan wà tí ẹgbẹ́ tó fẹ́ bá wa gbá kò tètè dé, tí rẹfirí ti ń wo aago kó lè fún wa ní ayò ọ̀fẹ́. A ti ń kí ara wa kú oríire. Ń ṣe ni wọ́n sáré wọlé, bàtà lọ́wọ́, wọ́n sì ti ń nà wá kí èyí tó kẹ́yìn nínú wọn tó de okùn bàtà tán.

Bàbá Alága ló ni ẹgbẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n ń ta sìmẹ́ǹtì àti táìsì ní Ìkọ̀tún, ilẹ̀ wọn ni pápá wa wà, sìmẹ́ǹtì wọn ni wọ́n sì fi ṣe é. Ní ìparí ìpàdé kan, wọ́n dìde, wọ́n tún fìlà wọn ṣe, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹni tó máa ń halẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ìkẹyìn lọ́dún yẹn máa já sínú líìgì kékeré. Wọ́n ní tí a bá já, ó parí nìyẹn, àwọn á fi ilẹ̀ náà ṣe ibi tí wọ́n á ti máa lu búlọ́ọ̀kù. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà pé irú táìsì yẹn ti tán. Ohùn yẹn gan-an ló bà wá lẹ́rù. Mo wo kápútéènì wa. Ọ̀rẹ́ mi ni, ìyá ìbejì, bàbá àwọn ọmọ náà sì ti rìnrìn àjò kan tí kò rántí padà dé. Àwa yòókù ní ibi tí a lè yà sí. Èmi ní ìwé ẹ̀rí tíṣà, àwọn kan ń di irun, àwọn kan ní ọkọ. Òun kò mọ nǹkan mìíràn láyé ju kó fò sókè kó mú bọ́ọ̀lù lọ. Ilẹ̀ ló ń wò. Ìka rẹ̀ ń fa fọ́nrán òwú kan tó já lára ṣòkòtò péńpé rẹ̀, ó ń fà á, ó ń fà á, kò mọ̀ pé òun ń tú etí aṣọ náà.

Owó tí a máa fi ra agbábọ́ọ̀lù kò sí. Pàṣípààrọ̀ ló kù: kí a fún àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní tiwa, kí àwọn náà fún wa ní tiwọn. Bí ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ ṣe jáde báyìí, gbogbo Ìgàndò di kóòṣì. Bí wọ́n bá nà wá lọ́jọ́ Sátidé, ìsọ̀ onígbàjámọ̀ á ti kún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tí kò ráàyè wọlé á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ gba inú fèrèsé. Onígbàjámọ̀ fẹ́ kí a kó kúkúrú méjì, kí a fi gba gíga kan, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nídìí ọjà adìyẹ nìyẹn. Bàbá kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe sọ pé Kóòṣì gan-an ni kí a kọ́kọ́ fi pààrọ̀, kí a tó mọ̀ bóyá àwa ni a ò dáa. Ẹlòmíràn ní kápútéènì ni, pé ẹni tó ti bí ìbejì kò lè fò mọ́. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù ń fi ohùn ránṣẹ́ láti ibi iṣẹ́ wọn, olúwa rẹ̀ á gbọ́ tí ọ̀gá ń pè wọ́n lẹ́yìn.

Èmi náà máa ń yà níbẹ̀ tí a bá kúrò ní ìdánrawò. Wọ́n ń fún mi ní àga, torí èmi ni mò ń gbé bọ́ọ̀lù gòkè nínú ẹgbẹ́ wa. Mo kúrú, mo sì lẹ́nu, iṣẹ́ yẹn sì fẹ́ ẹni tó lẹ́nu. Ẹni tó bá ń gbé bọ́ọ̀lù gòkè ló máa ké sí àwọn mẹ́rin yòókù kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa sá sí. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń fi ìka júwe, àwọn kan ń pe nọ́ńbà. Èmi ń pe ibùdókọ̀. Tí mo bá ti ké Ìkọ̀tún, kí gbogbo wa rọ́ lọ sábẹ́ agbọ̀n, torí ta ló dé Ìkọ̀tún rí tí kò bá èrò níbẹ̀? Ìyànà-Ìpájà, kí a pín sọ́tùn-ún sósì bí ọ̀nà ṣe pín níbẹ̀. Ìpájà fúnra rẹ̀, ọ̀nà tó gùn tí kì í tán, kí a máa gbé bọ́ọ̀lù yípo, kí ẹnikẹ́ni má kánjú. Ẹ̀gbẹ́dá ni ilé mi. Tí mo bá pe Ẹ̀gbẹ́dá, kí kálukú yà lọ́nà, mò ń gbé bọ́ọ̀lù náà lọ sílé nìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Abúlé Ẹ̀gbá. Afárá kan gba orí ọ̀nà kọjá níbẹ̀, nítorí náà tí mo bá ti pe Abúlé Ẹ̀gbá, òkè ni bọ́ọ̀lù ń gbà. Màá sọ ọ́ kọjá lórí gbogbo wọn, kápútéènì á ti fò, á mú un lójú òfuurufú, á sì rọra tì í wọ agbọ̀n bí ẹni tó ń ki lẹ́tà bọ àpótí. Àwọn tó wá láti ìlú mìíràn á máa wojú ara wọn. Ìyẹn ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń pè mí ní Kọ̀ńdọ́, bíi ti ẹni tó ń pe èrò sínú ọkọ̀. Àwọn tí mo jù lọ ń pè mí ní Àǹtí Kọ̀ńdọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti nà wá bí aṣọ òfì, gbogbo ìsọ̀ sì ń pariwo. Mo ní kí wọ́n gbọ́ tèmi. Mo dìde lórí àga, mo gbé ọwọ́ kan sẹ́yìn bíi agbẹjọ́rò. Mo ní ohun tó ń pa wá ni pé a ò ga. Mo ní ẹgbẹ́ kan wà lókè Ọya tó ní ọmọ gíga tí wọn ò mọ̀ ọ́n lò, tí wọn ò sì ní ẹni tó lè gbé bọ́ọ̀lù gòkè. Kí a fún wọn ní ohun tí wọ́n ń wá, kí a gba ohun tí àwa ń wá. Mo ní kódà, mo sì na ìka sókè nígbà tí mo dé orí kódà yẹn, kódà kó jẹ́ ẹni tí gbogbo wa fẹ́ràn.

Gbogbo ìsọ̀ pa lọ́lọ́. Onígbàjámọ̀ pa ẹ̀rọ rẹ̀. Inú mi dùn, mo rò pé bí ọ̀rọ̀ mi ṣe jinlẹ̀ tó ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ mi, tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù, òun ni mo ní lọ́kàn láti fún wọn. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni lè rò ó sí ibòmíràn.

Onígbàjámọ̀ wò mí, ó mi orí. “Àǹtí Kọ̀ńdọ́, ẹ ṣé o. Ọlọ́run á san án fún yín.”

Mo ní, “Àmín.”

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí Bàbá Alága àti Kóòṣì fi wá sílé mi ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Wọ́n gbé ọsàn dání, wọ́n sì ra bisikíìtì onítíìnì. Mo tẹ́ aṣọ sórí àga, mo wá gíláàsì tí kò sán, ọkàn mi sì ń sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ sọ mí di igbákejì kápútéènì. Ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi nígbà náà, jáde wá kí wọn. Màmá wo ọsàn, wọ́n wo bisikíìtì, wọ́n wá wò mí. Nígbà tí mo wọ ilé ìdáná lọ gbé omi, wọ́n tẹ̀ lé mi.

“Wọ́n fẹ́ lé ẹ lọ,” ni wọ́n sọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Bàbá Alága kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ohun tí mo sọ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, pé ó wọ àwọn lára, pé àwọn ò mọ̀ pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣì wà láyé, tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ dábàá kí wọ́n fi òun sílẹ̀ kí ẹgbẹ́ lè yè. Àwọn ti bá àwọn ará òkè Ọya sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà. Ọmọ gíga ń bọ̀, èmi ń lọ. Kóòṣì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Tíṣà físíìsì ni ní Èkìtì kó tó wá sí Èkó, ó sì máa ń ya àwòrán sójú pátákó kó tó sọ ohunkóhun. Lọ́jọ́ yẹn kò sí pátákó. Ó ní òun lè kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń sáré, òun lè kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù, òun ò lè kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ga. Ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó sọ ọ́.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n ní ọmọ kékeré tí mò ń kọ́ níṣẹ́ ni mo fẹ́ tà? Bàbá Alága ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó gba ẹ̀bùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí ni wọ́n. Mo ní, “Kò burú, Bàbá. Tí ẹgbẹ́ bá ṣáà ti yè.” Wọ́n gbàdúrà fún mi. Nígbà tí wọ́n lọ, èmi àti Màmá jókòó, a ń jẹ ọsàn náà. Ó dùn gan-an, ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Mi ò ní purọ́ mọ́ àwọn ará òkè Ọya. Wọ́n tọ́jú mi. Owó oṣù ń wọlé lásìkò, pápá wọn ní òrùlé, omi tútù wà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù gòkè níbẹ̀, mo ké Ìyànà-Ìpájà, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò mí bíi pé mò ń pe orúkọ ìbátan mi tó kú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ìka júwe. Mo di odi. Nírọ̀lẹ́, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa tẹ́tí sí ohùn àwọn ará Ìgàndò lórí Wọ́sáàpù, tí wọ́n ti ń dábàá ẹni tí wọ́n máa tún fi pààrọ̀.

Torí pé nǹkan ò dáa lọ́dọ̀ wọn. Kápútéènì ló ń sọ fún mi lórí fóònù. Ọmọ gíga ti dé lóòótọ́, ó sì ga. Tó bá na ọwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin agbọ̀n láì fò. Ọmọ dáadáa ni pẹ̀lú, ó ń bá àwọn ìbejì ṣeré nílé kápútéènì, ó ń fọ abọ́. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá, kò sì mọ Èkó. Ọmọ kékeré tí mo kọ́ níṣẹ́ ti bọ́ sí ipò mi, ó ń pe ibùdókọ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, ọmọ gíga á sì dúró láàrin pápá bí òpó iná. Wọ́n pe Ìkọ̀tún, ó sá sẹ́yìn. Wọ́n pe Ìpájà, ó ju bọ́ọ̀lù síta. Kóòṣì ya àwòrán títí ṣọ́ọ̀kì fi tán.

Ohun tí kápútéènì wá ṣe ni pé ó ń mú un wọ ọkọ̀. Gbogbo ọjọ́ tí kò bá sí ìdánrawò, àwọn méjèèjì á gbéra láti Ìgàndò, ìbejì kan lórí itan ẹnì kọ̀ọ̀kan, orí ọmọ gíga á máa kan òrùlé ọkọ̀. Tí wọ́n bá dé Ìkọ̀tún, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á rìn wọ àárín èrò, kápútéènì á ní, “Ṣó o rí i? Gbogbo èèyàn, ibì kan náà ni wọ́n dúró sí.” Wọ́n á lọ síbi tí ọ̀nà ti pín ní Ìyànà-Ìpájà. Wọ́n lo odidi ọ̀sán kan ní Ìpájà kó lè mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀nà tí kì í tán. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé Abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n pè mí láti abẹ́ afárá, ariwo mọ́tò gba etí mi kan, wọ́n ní kí èmi tí mo dá a sílẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Mo fi gẹ̀ẹ́sì àti pijin ṣàlàyé, mo ní kó gbójú sókè, kó wo àwọn mọ́tò tó ń gba orí kọjá. Bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti yé e. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún díẹ̀, mo tún rẹ́rìn-ín, mo bọ́jú.

Látìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í borí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n na ẹgbẹ́ kan, wọ́n tún na òmíràn. Ọ̀rọ̀ wá dórí ìdíje tó kẹ́yìn lọ́dún náà: tí wọ́n bá borí, wọ́n dúró sínú líìgì, tí wọ́n bá pàdánù, wọ́n já. Ìgàndò ni wọ́n ti máa gbá a. Ẹgbẹ́ mi tuntun ló ń bọ̀ wá bá wọn gbá.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa bọ̀, kóòṣì mi tuntun wá jókòó tì mí. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn ará ibẹ̀ máa ń pe orúkọ kan, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Mo ní orúkọ ibùdókọ̀ lásán ni, pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Èkó ni, kò nítumọ̀. Mo wo ojú fèrèsé. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń bá ara mi ṣèpinnu. Màá gbá bọ́ọ̀lù mi bó ṣe yẹ, èmi náà ní oúnjẹ tí mò ń jẹ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá gbọ́, mi ò gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá pe Ìkọ̀tún, màá ṣe bíi pé mi ò mọ̀ pé èrò wà níbẹ̀. Mo rò pé etí lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Pápá kún. Àwọn èèyàn gun orí ògiri, àwọn ọmọ ilé-ìwé gun igi. Onígbàjámọ̀ ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó sì wà níwájú gan-an. Nígbà tí mo jáde nínú aṣọ ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ọ̀kan nínú wọn ké pé kí Kọ̀ńdọ́ sọ̀ kalẹ̀ o, a ti délé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kápútéènì di mọ́ mi. Ó ti rù, ara rẹ̀ gbóná bíi ti ẹni tó ní ibà.

Mo pa ìpinnu mi mọ́. Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ké Ìyànà-Ìpájà, mo mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ bí mo ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé mi, mo dúró sójú kan. Wọ́n pe Ìkọ̀tún, mo sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbá bọ́ọ̀lù náà játijàti débi pé kóòṣì mi yọ mí, ó bi mí bóyá ara mi ò yá ni, mo ní òòrùn ni. Mo jókòó. Mo ti rò pé mo ti bọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọlé dípò mi fi ẹsẹ̀ rọ́, kò sì sí ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí n padà wọlé.

Ó ku díẹ̀ kó tán. Àwa la fi ayò kan ṣoṣo lékè, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ tiwọn. Mo ní tiwọn. Títí dòní mi ò mọ ẹni tí mo lè pè ní tiwa. Bí wọ́n bá ju èyí wọlé, wọ́n yè. Ẹ̀rù ti ba ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́, kò lè pe ibùdókọ̀ kankan. Kápútéènì ló gba bọ́ọ̀lù, tó ń lù ú mọ́lẹ̀ níwájú mi, èmi àti òun kojú ara wa. Mo fi igun ojú rí ọmọ gíga, ó ń sún mọ́ agbọ̀n. Kápútéènì wò mí nínú ẹyin ojú. Ó la ẹnu, ó ké e bí mo ṣe máa ń ké e:

“Abúlé Ẹ̀gbá!”

Mi ò ronú. Ká ní mo ronú ni, bóyá ǹ bá dúró. Ẹsẹ̀ mi ti kúrò nílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kúkúrú yìí, mi ò fò bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo mọ ibi tí ó máa gbà, mo mọ bó ṣe máa ga tó, èmi ni mo la ọ̀nà yẹn. Bọ́ọ̀lù náà wá sínú àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì bí ọmọ tó ń sáré bọ̀ wá bá ìyá rẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo di í mọ́ àyà. Rẹfirí fun fèrè.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tuntun ló rọ̀ mọ́ mi, tí wọ́n ń fò, èmi sì di bọ́ọ̀lù mú, mi ò lè sọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn onígbàjámọ̀, kò gbé e sókè rárá, ó kàn ń sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: “Kọ̀ńdọ́ gbé wa kọjá ibùdókọ̀ wa.” Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Alága wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Mo kúnlẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan èjìká mi pé kí n dìde. “Ó dáa náà,” ni wọ́n wí. “O ò jẹ́ kí wọ́n sọ pé ọjà tí mo gbé fún wọn ò dáa.” Kò sí èébú nínú ohùn wọn. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn náà ni.

Kápútéènì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń tú okùn bàtà. Mo jókòó tì í. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ, mo wá bi í léèrè ohun tí kò yẹ kí n bi í. Mo ní kí ló dé tí wọn ò yí orúkọ wọ̀nyẹn padà, ṣebí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ̀.

Ó ní gbogbo oṣù tó yẹ kí wọ́n fi kọ́ òmíràn, inú ọkọ̀ ni òun àti ọmọ gíga ti lò ó. Ọmọ náà ti mọ ti Alímòṣọ́ tán, kò sáyè mọ́ láti tún mú un lọ sí ìlú mìíràn. Ó bọ́ bàtà kan, ó gbé e sílẹ̀.

Mo ní, “Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tó o wà níwájú mi, kí ló dé tó o pè é?”

“Mo mọ̀ pé o máa gbọ́,” ló wí. Kò wò mí. “Mo kàn rò pé o ò ní lọ síbẹ̀ ni.”

Ó ti pẹ́ gan-an báyìí. Èmi náà kò pẹ́ lókè Ọya mọ́; mo padà sí Ẹ̀gbẹ́dá, ilé-ìwé girama kan ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, kí ẹnikẹ́ni má fi mí ṣẹ̀sín. Kóòṣì ti padà sí Èkìtì. Ọmọ gíga wà lókè òkun, ó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, wọ́n ní ó ṣì máa ń sọ Yorùbá díẹ̀, orúkọ ibùdókọ̀ sì ni gbogbo rẹ̀. Kápútéènì ń dáná ní ilé-ìwé ọmọdé kan ní Ìdímù. Àwọn ìbejì ti ga jù ú lọ. A máa ń kíra, a máa ń bára wa ṣe àríyá ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, a sì máa ń rẹ́rìn-ín. A ò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn rí. Tí mo bá gba Ìgàndò kọjá, mo máa ń rí àwọn tó ń lu búlọ́ọ̀kù. Wọn ò hú irin agbọ̀n kan kúrò nílẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀wù kọ́ tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ń sọ báyìí, àwọn tí kò lè gbọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n apá mi kò tíì mọ̀ pé ó ti tán. Màá máa lọ lẹ́bàá ọ̀nà jẹ́jẹ́ mi, báàgì ìwé àwọn ọmọ lọ́wọ́ kan, kọ̀ńdọ́ tòótọ́ á na orí síta nínú ọkọ̀, á ké Abúlé Ẹ̀gbá, ọwọ́ mi á sì ti dìde sókè kí n tó mọ̀. Ọkọ̀ á dúró. Kọ̀ńdọ́ á ṣílẹ̀kùn fún mi, á ní, “Màmá, ẹ wọlé.”

Mo máa ń dúró síbẹ̀, ọwọ́ lókè. Màá wá sọ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Má bínú, ọmọ mi,” ni mo máa ń sọ fún un. “Mi ò lọ síbẹ̀.”